Omi Tó Bojú Wẹ̀yìn

Ìgbà kẹta rèé tí obìnrin púlọ́ńbà kan máa gun òkè lọ sí yàrá ìfọṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó máa bá rọ́bà gígùn lẹ́nu ẹ̀rọ omi, tí ìdí rọ́bà náà rì sínú báàfù omi ọṣẹ búlúù.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ní kẹ́ ẹ fi àyè ìka mẹ́ta sílẹ̀ láàárín ẹnu ẹ̀rọ àti omi, kómi ọṣẹ má bàa padà sínú páìpù!"

"Kómi máa ta sí mi láṣọ? Ìwọ ọmọ àná tí mo pọ̀n! Omi kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn."

Àbúrò ṣí ẹ̀rọ náà sílẹ̀, ó lọ ti omi tó ń wọlé láti ìta pa, ó sì fa ẹ̀gbọ́n lọ sí ilé ìdáná nísàlẹ̀, níbi tí ìyá wọn wà. Ó ṣí ẹ̀rọ ibẹ̀. Rọ́bà òkè fa omi báàfù wọnú páìpù wá sísàlẹ̀, ife kan sì kún fún omi búlúù tí ọṣẹ ń hó lójú rẹ̀.

"Màmá, omi tí ọmọ yín fẹ́ kẹ́ ẹ máa mu nìyí."

Ojú ẹ̀gbọ́n wálẹ̀. Ìyá rọra ti ife náà síwájú rẹ̀.

"Ṣebí ìwọ làgbà," ó ní. "Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ mu."