Adágún Tó Gbẹ ní Gullmere

Àárọ̀ Sátidé ni Sandra, aládùúgbò wọn tó ń bá wọn fún ológbò lóúnjẹ, pe Gaynor lórí fóònù.

"Gaynor, àwọn tó ni àgọ́ ìsinmi tí ẹ gbà yẹn pe ilé yín o. Wọ́n fi ohùn sílẹ̀ sórí fóònù ilé. Wọ́n ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́ àwọn ti bàjẹ́, wọ́n sì ti gbọ́n ọn gbẹ. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ sún ìsinmi rẹ̀ sígbà mìíràn, kó pe àwọn kó tó di ìrọ̀lẹ́ Fráìdé."

"Fráìdé kọ́ ni àná ni?"

"Àná ni. Ibo lẹ wà báyìí?"

Gaynor ti dé àgọ́ ìsinmi náà, ní Gullmere létí òkun. Iwájú adágún náà gan-an ló dúró sí. Ewé jíjẹrà ti kún ìsàlẹ̀ rẹ̀, àga oníke kan dojú dé láàrin wọn, ẹyẹ òkun funfun kan sì ń rìn kiri níbi tó yẹ kí omi ti jìn jù, bí ẹni tó ra ibẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Sandra, ó ní kó má gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó sì pa fóònù.

Nítorí adágún yẹn ni wọ́n ṣe wá. Rhianne, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, kò sì sí ohun tó fẹ́ láyé ju kó wà nínú omi lọ. Nígbà ìrúwé tó kọjá ni wọ́n ti ilé ìlúwẹ̀ẹ́ ìlú wọn pa. Darren, bàbá rẹ̀, tó ti kó lọ sí agbègbè Devon tó jìn sí wọn pẹ̀lú ìyàwó tuntun, wá ní kí ọmọ náà máa bọ̀ wá gbé lọ́dọ̀ òun. Ẹgbẹ́ àwọn òmùwẹ̀ kan wà nítòsí ilé rẹ̀, olùkọ́ wọn ti wo Rhianne lẹ́ẹ̀kan, ó sì fẹ́ ẹ. Rhianne ní òun á fún bàbá òun lésì tí ìsinmi ilé ìwé oṣù kẹwàá bá parí.

Láti ọjọ́ náà ni Gaynor ti ń lá àlá kan náà lójú ṣíṣí. Nínú àlá náà, Rhianne ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí ibi gíga kan tí wọ́n ti ń yọ̀ sínú omi, ó ń kígbe ẹ̀rín, omi fọ́n sókè, ó yọjú, ó sì ní, "Mọ́mì, mi ò lọ síbì kankan mọ́." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gé ìwé ẹ̀dínwó inú ìwé ìròyìn jọ, èyí tí wọ́n lè fi gba àgọ́ ìsinmi lówó pọ́ọ́kú. Àwọn obìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní ilé ìdáná ilé ìwé gé tiwọn fún un, òmíràn tilẹ̀ ní àbàwọ́n ọbẹ̀ ẹran lára. Bí ìdílé púpọ̀ ládùúgbò wọn ṣe ń rí etí òkun nìyẹn.

Nígbà tó padà sí ilé kékeré tí wọ́n fún wọn, ìyá rẹ̀, Doreen, jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó gbẹ, ó wọ kóòtù, ó sì dé fìlà.

"Gaynor, ṣé ẹ̀wọ̀n lo mú wa wá ni? Ẹ̀wọ̀n tiẹ̀ sàn. Wọ́n ń tan iná fún wọn kí wọ́n lè yáná."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Ó dáa náà, ìyá àgbà," ni Rhianne wí. Abọ́ ló ń gbé sábẹ́ ibi tí òrùlé ti ń jò. "Ẹ gbọ́ bí òkun ṣe ń hó láti ibí."

"Òkun kọ́ nìyẹn. Fìríìjì ni."

Rhianne rẹ́rìn-ín, Gaynor náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ara ògiri tí ọ̀rinrin ti sọ di dúdú ni Gaynor kọjú ẹ̀rín tirẹ̀ sí. Ó mú agboòrùn, ó ní òun ń lọ sí ọ́fíìsì. Jálẹ̀ ọ̀nà ló ń tún ọ̀rọ̀ tó máa sọ sọ: ilé ń jò, bẹ́ẹ̀dì tutù, adágún ò lómi, ẹ fún wa ní ibòmíràn. Ó ń sọ ọ́ kíkankíkan. Ní ọ́fíìsì, ọmọbìnrin tó wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ yẹ́lò gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ káàbọ̀ mà. Ṣé gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa?"

"Ó dára gan-an," ni Gaynor wí. "Ẹ ṣeun."

Ó sì yí padà.

"Kí ni wọ́n wí?" ni Doreen bi í.

"Wọ́n ní àwọn á wá wò ó."

"O ò sọ nǹkan kan."

"Màmá!"

"Ṣé èmi kọ́ ni mo bí ọ ni? Bí wọ́n bá gbé ẹja tó ti ń rùn síwájú rẹ, wàá ní ó dùn, wàá tún bèèrè orúkọ ẹni tó sè é. Bàbá rẹ náà nìyẹn. Títí wọ́n fi gbé e dé ilé ìwòsàn, 'ara mi le' ló ń sọ fún dókítà."

Lọ́jọ́ kejì wọ́n lọ sí etí òkun, nítorí ẹni tó bá wá sí etí òkun gbọ́dọ̀ jókòó sí etí òkun. Òjò ń ṣẹ́ winniwinni. Gaynor fi òkúta gbá òpó aṣọ tí wọ́n fi ń dí afẹ́fẹ́ wọlẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ká ara wọn jọ sẹ́yìn rẹ̀. Bí ojú ṣe lè ríran tó, àwọn ìdílé mìíràn ló tò lọ bẹ́ẹ̀, olúkúlùkù lẹ́yìn aṣọ tirẹ̀, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì ẹlẹ́yin tí iyanrìn ti wọ̀, ẹnikẹ́ni ò sì dìde kó ní òun ń lọ sílé.

"A ti wá náà nìyẹn," ni Gaynor wí. "A máa gbádùn ara wa."

"Mò ń gbádùn," ni Doreen wí. "Ṣé o ò gbọ́ bí eyín mi ṣe ń jó ni?"

Àsíá pupa ń fẹ́ lórí òpó: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ omi. Rhianne lọ dúró síbi tí ìgbì ti ń kan ọrùn ẹsẹ̀. Ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó rò pé wọn ò rí òun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi apá fa afẹ́fẹ́, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, orí rẹ̀ ń yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni ń mí lórí omi. Gaynor wò ó títí búrẹ́dì fi rọ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Lọ́sàn-án, wọ́n lọ sí gbọ̀ngàn tí orin ti ń dún. Ọkùnrin ẹnu ọ̀nà wo ìwé wọn, ó ní ìwé ẹ̀dínwó tiwọn ò kan gbọ̀ngàn.

"Kò burú," ni Gaynor sáré wí. "A kàn ní ká yọjú ni."

Inú ilé ni wọ́n padà sí. Doreen sùn sórí àga. Gaynor po tíì, ó bu ti Rhianne, ó sì gbé e lọ bá a ní àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé. Ilẹ̀kùn ò padé tán. Ó gbọ́ ohùn ọmọ náà, ó dúró.

"Ó dára gan-an, Dádì. Ó dùn gan-an ni... Rárá, mi ò ní í wá mọ́. Mo fẹ́ ẹ. Dádì, ẹ mọ̀ pé mo fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹ ò rí ojú Mọ́mì ni. Gbogbo ọdún yìí ni wọ́n fi gé ìwé yẹn. Ṣé kí n wá fi wọ́n sílẹ̀? Ta ni wọ́n ní?"

Ohun tí Gaynor ti ń tọrọ láti ìgbà ìrúwé nìyẹn. Ó ti rí i gbà. Ó dúró pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́, ó ń retí kí ayọ̀ dé, ṣùgbọ́n ayọ̀ ò wá. Ó dára gan-an. Ohùn yẹn, ohùn òun ni. Ó rí Rhianne bó ṣe máa rí lọ́jọ́ iwájú: obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ ọ́fíìsì, tí òrùlé ń jò lé lórí. Ó sì rí ilé tiwọn náà, yàrá òkè tó ṣófo, aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tí kò ní sí lórí okùn mọ́, òun àti ìyá òun àti ológbò. Kò sí èyí tó lè fara dà nínú méjèèjì.

Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó bọ́ síta, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn tútù náà. Rhianne ti pa fóònù.

"Mọ́mì! Mo ti pinnu o. Mo máa dúró tì yín." Ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀.

"Mo gbọ́ ọ."

Ẹ̀rín náà ò kúrò, ṣùgbọ́n ó gbẹ. "Ṣé inú yín ò dùn ni?"

"Báwo ni ìsinmi yìí, Rhianne?"

"Ó dára gan—"

"Má ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Báwo ni?"

Ọmọ náà wo ife tíì. "Ó burú, Mọ́mì. Ó burú jáì."

"Ó burú," ni Gaynor wí. Ó na ọwọ́, ó fà á mọ́ra, omi ojú ọmọ náà sì ń gbóná lọ́rùn rẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú ọmọ náà.

"Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ ni wàá máa gbé. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, ìwọ kọ́ lo fi mí sílẹ̀. Màá pè é báyìí, màá sọ fún un pé ò ń bọ̀."