Bí Wọ́n Ṣe Sọ Bàbá Mi Di Ìkà

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá mi sọ ọ́: mi ò kórìíra fíìmù. Iṣẹ́ olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni mò ń ṣe ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìyànà Ọ̀fà, ìtàn ni mo fi ń jẹun, èèyàn kì í sì í bú ohun tó fi ń jẹun. Ohun tó sú mi ni fíìmù àwa onígbàgbọ́. Ó sú mi gan-an ni. Ẹ ò ní tíì wò ó dé ibì kan tí ẹ ó ti mọ ẹni tó máa ya wèrè ní ìparí, torí òun nìkan ló ń fi ojú burúkú wo èèyàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí pásítọ̀ bá ti la ẹnu, àrá á sán. Tí àrá bá ti sán, ìkà á ṣubú lulẹ̀, gbogbo wa á sì pàtẹ́wọ́ lọ sílé.

Àwọn ìwé tí àwọn èèyàn fi ń jẹ́rìí bí wọ́n ṣe di onígbàgbọ́, tí wọ́n ń tà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, kò sàn jù ú lọ. Mo ti kà wọ́n títí ojú fi ń ro mí, mi ò tíì rí ẹyọ ẹnì kan níbẹ̀ tó di onígbàgbọ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan tí oòrùn ń ràn, tí nǹkan kan ò ṣe é. Ó gbọ́dọ̀ ti jalè. Ó gbọ́dọ̀ ti mutí yó sínú gọ́tà, tàbí kó ti sùn sínú pósí. Àwa tí a kàn jókòó, tí a gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, tí a sì gbà á gbọ́, àfi bíi pé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn la gbà wọlé.

Bí tèmi ṣe rí nìyí. Ilé Mùsùlùmí ni wọ́n bí mi sí ní Akínyẹlé, Alimat ni bàbá mi sọ mí. Nígbà tí mo lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ọ̀dọ̀ tọkọtaya Onítẹ̀bọmi kan ni mò ń gbé. Mò ń bá wọn lọ sí ìsìn, nígbà tó sì yá, mo rí i pé ohun tí wọ́n ń gbà gbọ́ ti di tèmi. Mo ṣèrìbọmi, mo sì ń jẹ́ Títílọpẹ́. Ẹ̀rù bà mí láti sọ fún bàbá mi. Àgbẹ̀ ni wọ́n, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọjọ́ tí mo sọ ọ́, wọ́n ń bó gbágùúdá lọ́wọ́. Wọ́n bó èyí tó wà lọ́wọ́ wọn tán, wọ́n ní, "Ṣé o ṣì ń gbàdúrà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní kí n máa gbà á bó bá ṣe bá mi lára mu, kí àwọn ṣáà má gbọ́ pé mo ti fi Ọlọ́hun sílẹ̀.

Ó tán. Mo mọ̀ pé inú wọn ò dùn, torí wọn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ kan oúnjẹ wọn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìsinmi tí mo bá wà nílé, tí òjò bá ń rọ̀, alùpùpù wọn ni wọ́n fi ń gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á fi ọ̀rá wé Bíbélì mi kí omi má bàa kàn án. Wọ́n á já mi sílẹ̀, wọ́n á padà sóko. Ẹ̀rí mi nìyẹn. Ó kúrú, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí àjọ̀dún ìjọ wa ń bọ̀ lọ́nà, pásítọ̀ wa pè mí, wọ́n ní ẹ̀ka fíìmù ìjọ fẹ́ fi ẹ̀rí mi ṣe fíìmù. Mo gbà kíákíá. Mo ní ẹ̀ẹ̀kan náà rèé tí wọ́n á fi ẹni tó ṣe nǹkan jẹ́ẹ́jẹ́ han àwọn èèyàn, kí àwọn ọmọdé lè mọ̀ pé èèyàn lè rí Ọlọ́run láì kọ́kọ́ di ọmọ ìta.

Fọlájìmí ló ń darí ẹ̀ka fíìmù. Ọmọ dáadáa ni, ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́bàá títì, ó ní kámẹ́rà, kò sì sí fíìmù onígbàgbọ́ tí kò tíì wò. Ó wá sílé wa, ó fi fóònù gba ohùn mi sílẹ̀. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, ó ń wò mí bí ẹni tí wọ́n gbé ọbẹ̀ fún tí kò rí ẹran níbẹ̀.

"Mọ́mì," ó ní, "ìjà ò sí níbẹ̀."

Mo ní bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ó bi mí bóyá bàbá ò tiẹ̀ nà mí lẹ́ẹ̀kan. Mo ní wọn ò nà mí. Ó bi mí bóyá wọ́n lé mi jáde nílé. Mo ní àwọn gan-an ló ń gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó mí kanlẹ̀, ó ní kí n má ṣèyọnu, òun á rí nǹkan ṣe sí i.

Ohun tó ṣe sí i ni mo rí lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e nínú eré tó kọ ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Nínú tirẹ̀, bàbá mi fi pàṣán nà mí, wọ́n dáná sun Bíbélì mi, wọ́n tì mí síta nínú òjò. Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ wọn rọ, wọ́n wà lórí ẹní títí pásítọ̀ fi wá gbàdúrà fún wọn, ni wọ́n bá dìde, wọ́n sì gba Jésù. Bàbá mi tí wọ́n ń kírun ní mọ́sálásí lójoojúmọ́ títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí! Orúkọ mi wà níbẹ̀, orúkọ Rilwan àbúrò mi wà níbẹ̀, orúkọ ìlú wa wà níbẹ̀. Ohun tó jẹ́ òtítọ́ níbẹ̀ kò ju orúkọ wa lọ.

Inú bí mi. Mo gba ọ̀dọ̀ pásítọ̀ lọ. Wọ́n fi sùúrù gbọ́ mi, wọ́n ní kì í ṣe irọ́, àpèjúwe ni, wọ́n sì bi mí pé ọkàn mélòó ni yóò yí padà nítorí bàbá tó ń fi ọ̀rá wé Bíbélì. Mo bi àwọn náà bóyá òfin tó lòdì sí ẹ̀rí èké ti yọ ẹ̀ka fíìmù sílẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwa olùkọ́ ò ṣeé bá jiyàn. Nígbà tí mo délé, Bàbá Ìyanu, ọkọ mi, ní kí n má bá ìjọ jà, pé ta ló máa mọ̀? Mo ní bàbá mi á mọ̀. Ó ní bàbá kì í wo fíìmù ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkọ mi kì í ṣe èèyàn burúkú, ó kàn fẹ́ràn àlàáfíà ju bó ṣe yẹ lọ ni.

Mo padà sọ́dọ̀ pásítọ̀, mo ní bí wọn ò bá yọ ọ́, kí wọ́n má lo orúkọ mi rárá. Wọ́n wá pe Fọlájìmí níṣojú mi. Ó gbà pé òun á yọ bàbá kúrò níbi ìkà, òun á fi ẹ̀gbọ́n bàbá kan dípò, ẹni tí a ò ní láyé wa rí. Ìyẹn náà ò dùn mọ́ mi, àmọ́ ẹni tí kò sí, èèyàn ò lè bà á lórúkọ jẹ́. Mo ní kò burú. Àkókò ìdánwò ni, ìwé àwọn ọmọ tí mo fẹ́ máàkì kún orí tábìlì, mi ò débi tí wọ́n ti ń ya fíìmù náà rárá.

Lọ́sẹ̀ àjọ̀dún gan-an ni Rilwan pè mí láti Akínyẹlé. Ó ní àwọn Fọlájìmí wá ya ọ̀nà ìlú wa sínú fíìmù, ẹnì kan sì ti sọ fún bàbá pé fíìmù ọmọ wọn ni. Inú wọn ń dùn, wọ́n ti ròyìn rẹ̀ fún gbogbo mọ́sálásí, wọ́n ní àwọn á lọ wò ó. Bàbá mi ti darúgbó. Láti bí ọdún méjì sẹ́yìn ni ìgbàgbé ti ń bá wọn fínra. Wọ́n á jẹun tán, wọ́n á ní ṣé ẹnikẹ́ni ò ní fún àwọn lóúnjẹ ni. Nígbà míì wọ́n á pè mí ní orúkọ ìyá mi tó ti kú. Ṣùgbọ́n Rilwan ní wọn ò gbàgbé ọ̀rọ̀ fíìmù yìí, àràárọ̀ ni wọ́n ń bi òun bóyá òní ni. Mo ní kó mú wọn wá. Kí ló dé tí mi ò ní ní kó mú wọn wá? Ṣebí wọ́n ti yọ ọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n ta aṣọ funfun sí àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì. Rilwan gbé bàbá mi àti ọ̀rẹ́ wọn kan láti mọ́sálásí wá, ó sì padà sílé. Agbádá funfun ni bàbá mi wọ̀, wọ́n ti fá irun. Pásítọ̀ fi wọ́n jókòó níwájú, wọ́n fún wọn ní mọ́ọ̀tì tútù. Bàbá mi yíjú wò mí lẹ́yìn níbi tí mo jókòó sí, wọ́n juwọ́ sí mi bí ọmọdé.

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́runyọmí tó ń kọ bẹ́ẹ̀sì nínú ẹgbẹ́ akọrin ló jáde, wọ́n ti lẹ òwú mọ́ ọn lágbọ̀n ìsàlẹ̀, tẹ̀súbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, pàṣán wà lọ́wọ́ kejì. Ọmọbìnrin tó ń ṣe èmi kúnlẹ̀, ó pè é ní "Bàbá mi". Wọn ò yọ nǹkan kan.

Ó na ọmọ náà títí àwọn obìnrin ẹ̀yìn mi fi ń ké. Ẹnì kan ń ṣépè fún un. Mo dìde, mo ní kí wọ́n pa fíìmù náà, obìnrin olùtọ́nà kan sì rọra tẹ̀ mí léjìká, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jókòó, ibi tó dùn ń bọ̀." Mo já ara mi gbà, mo lọ bá Fọlájìmí nídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ń bẹ̀ mí, ó ní àwọn dán ẹ̀gbọ́n bàbá náà wò, kò wọ èèyàn lára, pásítọ̀ ló ní káwọn dá bàbá padà. Mo ní kó pa á báyìí. Ó ní ìjọ ń wò ó lọ́wọ́.

Mo lọ síwájú, mo fa bàbá mi lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ wọn ti bínú dìde, ó ti ń lọ sí ẹnu ọ̀nà. Bàbá mi ò dìde. Wọn ò bínú. Wọ́n tẹjú mọ́ aṣọ yẹn bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn ilé rẹ̀ lẹ́nu àlejò, mo sì dúró tì wọ́n bẹ́ẹ̀ títí Ọlọ́runyọmí fi rọ lẹ́sẹ̀, tó tún fi dìde.

Nígbà tí wọ́n pàtẹ́wọ́ tán, pásítọ̀ ní bàbá náà gan-an wà láàárín wa, kí wọ́n dìde kí ìjọ rí wọn. Wọ́n dìde. Àwọn èèyàn ń wò wọ́n. Mo gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ pásítọ̀, mo ní irọ́ ni, mo ní bàbá mi ò nà mí rí, mi ò tíì rí bàbá tó dára tó wọn. Ìjọ hó yèè, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, àwọn kan ń nu omijé. Wọ́n rò pé mò ń dárí ji bàbá mi ni. Mo fẹ́ kígbe lé wọn lórí, àmọ́ ẹgbẹ́ akọrin ti bẹ̀rẹ̀ orin.

Ilé wa ni bàbá mi sùn. Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, Bàbá Ìyanu lọ sí ìsìn, èmi ò lọ. Mo bá bàbá mi lẹ́yìnkùlé, wọ́n ti kírun tán, wọ́n ṣì jókòó lórí ẹní. Wọ́n ti ṣí fìlà wọn.

"Alimat," wọ́n ní, "mi ò rántí pé mo nà ẹ́."

Mo jókòó tì wọ́n. Mo ní wọn ò lè rántí ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bó ṣe rí gan-an, mo ń rọra sọ ọ́ bí ìgbà tí mo bá ń kọ́ ọmọ tuntun ní kíláàsì. Wọ́n gbọ́ mi dópin, wọ́n sì mi orí.

"O fẹ́ bò mí láṣìírí ni. Ọmọ dáadáa ni ẹ́. Àmọ́ gbogbo èèyàn ló rí i."

"Irọ́ ni, Bàbá. Wọ́n hùmọ̀ rẹ̀ ni."

"Nínú ṣọ́ọ̀ṣì?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, nínú ṣọ́ọ̀ṣì ni.

"Ibi tó ò ń lọ láti ìgbà yìí wá, ibi tí wọ́n ti ń pe Ọlọ́hun, ṣé ibẹ̀ ni wọ́n á ti jókòó, kí wọ́n máa purọ́ mọ́ èèyàn? Rárá o. Ìgbàgbé ló ń ṣe mí, mo mọ̀. Ohun tí mo ti gbàgbé ni wọ́n rán mi létí."

Mo ní mo fi Ọlọ́run búra. Wọ́n ní kí n má fi Ọlọ́hun búra nítorí àwọn. Omijé ń bọ́ lójú wọn, bàbá tí mi ò rí kó sunkún lọ́jọ́ tí ìyá mi kú. Bí mo bá ṣe ń sọ òtítọ́ náà fún wọn tó ni ọkàn wọn ṣe ń gbọgbẹ́ sí i, torí wọ́n rò pé mo wà nínú ìrora, mi ò kàn fẹ́ sọ ọ́ ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ti ilẹ̀, wọ́n fẹ́ kúnlẹ̀ fún mi. Mo di èjìká wọn mú. Egungun nìkan ló kù níbẹ̀.

"Dárí jì mí," wọ́n ní. "Mi ò fẹ́ gbé e lọ bá Ọlọ́hun."

Inú ń bí mi sí pásítọ̀, inú ń bí mi sí Fọlájìmí àti irùngbọ̀n òwú rẹ̀, inú ń bí mi sí gbogbo ẹni tó pàtẹ́wọ́, kò sì sí èyíkéyìí nínú wọn tó wà níbẹ̀ tí mo lè bá wí.

"Mo ti dárí jì yín, Bàbá," mo ní.

Ara wọn balẹ̀. Wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú, wọ́n ṣàdúrà fún mi, wọ́n nu ojú wọn, wọ́n dé fìlà wọn padà. Lẹ́yìn náà wọ́n ní nígbà tí mo bá rí pásítọ̀ wa, kí n bá àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.