Ọmọ Ọba Wo Ló Sùn?

Ọwọ́ ọ̀tún Ìyá Tàdáwà kì í tètè jí. Bí òun fúnra rẹ̀ bá dìde láàárọ̀, tó bọ́jú, tó mu tíì, ọwọ́ náà á ṣì máa sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó máa lọ sílé. Á rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, á máa na ìka rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, á máa bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó bá yá, ọwọ́ á gbà, á di gègé mú, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀.

Àwòrán yíyà ni iṣẹ́ náà. Tàdáwà tó ti ń wọ abẹ́ èékánná rẹ̀ láti ìgbà èwe ló sọ ọ́ lórúkọ, nítorí kò bí ọmọ kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ti ya eyín fún oníṣègùn eyín rí, ó ti ya màlúù sára agolo mílíìkì, ó ti ya ìwé ọmọdé tí kò níye. Gbogbo rẹ̀ ló jáde láìsí orúkọ rẹ̀ níbi tí ojú ti lè rí i. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, Màmá Atẹ̀wé, arúgbó tó ni ilé ìtẹ̀wé ìsàlẹ̀ òpópónà, ránṣẹ́ pè é. Màmá fẹ́ tún àwọn àlọ́ àtijọ́ tí gbogbo ayé mọ̀ pa ní mánga, ìyẹn àwòrán-ìtàn dúdú àti funfun bíi ti àwọn ará Jàpáànù, tí ojú àwọn ènìyàn inú rẹ̀ máa ń tóbi bí àwo, tí wọ́n sì ń kà láti ọ̀tún wá sí òsì.

“Nǹkan tí àwọn ọ̀dọ́ ń kà nìyẹn,” Màmá wí. “Ṣùgbọ́n ìyípadà tí ẹnikẹ́ni ò retí gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ o. Àlọ́ tí èèyàn ti mọ òpin rẹ̀, ta ló fẹ́ jókòó tì í? Orúkọ rẹ á sì wà níwájú ìwé, lábẹ́ ti òǹkọ̀wé.”

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni Ìyá Tàdáwà gbé lọ sílé bí ẹni gbé ẹyin.

Òǹkọ̀wé ọ̀hún ni gbogbo èèyàn ń pè ní Ìjìnlẹ̀. Kì í ṣe orúkọ àbísọ. Bí ó bá mu omi, á ní ìjìnlẹ̀ wà nínú omi náà; bí bọ́tìnnì já lára ẹ̀wù rẹ̀, ìjìnlẹ̀ ni. Ó kàwé, a ò lè purọ́ mọ́ ọn. Ó tiẹ̀ kàwé débi pé ó ti gbàgbé pé àwọn ẹlòmíràn náà ní ojú. Kò kọ ìtàn náà sílẹ̀ rárá. Ó ní àlọ́ kì í ṣe ohun à ń kọ, ohùn ló ń gbé àlọ́. Nítorí náà, á dùbúlẹ̀ sórí àga gígùn rẹ̀, á sọ̀rọ̀ sínú fóònù, á sì fi ohùn náà ránṣẹ́ sí Ìyá Tàdáwà, pẹ̀lú ikọ́ inú rẹ̀, àti àwọn ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó ń fi àyè sílẹ̀ fún kí wọ́n lè yìn ín.

“Ọmọ ọba kan wà,” ni ohùn náà wí. “Abẹ́rẹ́ gún un níka. Ó sùn. Ọgọ́rùn-ún ọdún! Ẹ̀gún hù yí ààfin ká. Ọmọ ọba mìíràn gbọ́ ìròyìn rẹ̀ ní ọ̀nà jíjìn, ó gun ẹṣin, ó yọ idà, ó gé ẹ̀gún. Ẹ fojú inú wò ó, Ìyá Tàdáwà. Ìjìnlẹ̀ wà níbẹ̀.”

Ìyá Tàdáwà fojú inú wò ó. Kò nira. Ìyá tó bí i lọ́mọ ti pa àlọ́ yẹn fún wọn nígbà tó wà ní kékeré, bákan náà lòun náà sì ṣe pè é: ọmọ ọba kan. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin bá sùn kọjá àkókò ilé ìwé, ìyá wọn á fa aṣọ kúrò lára rẹ̀, á ní, “Ọmọ ọba tó sùn, dìde, ẹlẹ́ṣin ti dé!” Láti ìgbà náà, ọmọ ọba tó sùn kò ní ojú mìíràn lọ́kàn rẹ̀ ju ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n náà, Bọ̀dá, ni wọ́n jọ ń gbé báyìí. Ilé ìkẹ́rùsí kan ló ń ṣọ́ lóru. Bó bá dé láàárọ̀, á ṣubú sórí bẹ́ẹ̀dì pálọ̀ bí igi tí wọ́n gé, ẹnu á là, apá kan á máa fì sílẹ̀. Ìyá Tàdáwà gbé àga síwájú rẹ̀, ó ń yà á. Níbo lèèyàn tún ti fẹ́ rí ẹni tó máa dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ fún ayàwòrán? Ó ya irùngbọ̀n tó ń hù. Ó ya ilà tí àìsùn fà sí abẹ́ ojú rẹ̀, ó sì fi tàdáwà tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì kó lè ṣe kedere. Irun ló kàn sọ di ṣóńṣó, nítorí bí mánga ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Nígbà tó kan ẹni tó gun ẹṣin wá, ó yà á ní obìnrin: apá rẹ̀ le, eruku bò ó lójú, idà rẹ̀ ti kújú láti ara ẹ̀gún.

Nígbà tó ku ojú ewé ìkẹyìn nìkan, ó di gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ Màmá.

Yàrá Màmá wà lókè àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, nítorí náà ilẹ̀ yàrá náà kì í yé gbọ̀n, tíì inú ife kì í sì í fara balẹ̀. Ìjìnlẹ̀ ti wà níbẹ̀, ó fi síkáàfù wé ọrùn nínú ooru.

“Mánga, Màmá, láti ọ̀tún la ti ń kà á,” ó ń ṣàlàyé. “Àwọn tí ò bá mọ̀, òsì ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀.” Ó gba ìdì àwòrán náà, ó sì ṣí i láti òsì.

Ó fi ìka kan ojú ewé tó kọ́kọ́ rí.

“Ta ni ọkùnrin tó lanu sílẹ̀ yìí?”

“Ọmọ ọba ni, sà,” Ìyá Tàdáwà dáhùn.

“Èyí tó gun ẹṣin? Kí ló wá ń sùn sí?”

“Rárá o. Ọmọ ọba tó sùn ni. Ẹlẹ́ṣin lobìnrin tó mú idà lọ́wọ́ yẹn.”

“Obìnrin ló sùn!” Síkáàfù tú lọ́rùn rẹ̀. “Gbogbo ayé ló mọ̀ pé obìnrin ló sùn! Ọkùnrin ló wá jí i!”

“Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọba lẹ pe àwọn méjèèjì.”

“Ṣé kí n wá máa ní ọmọbìnrin ọba, ọmọkùnrin ọba, bí ẹni ń ka ìròyìn? Ẹwà èdè ńkọ́?”

“Ẹ tún ní ó sùn. Kò sí yẹtí létí ‘ó’, sà. Kò sì sí irùngbọ̀n lágbọ̀n rẹ̀.”

Ẹ̀rín pa Màmá, ó da tíì sórí tábìlì.

“Ẹ máa tún un yà ni,” Ìjìnlẹ̀ wí. “Gbogbo rẹ̀.”

Ìyá Tàdáwà ki ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bọ abẹ́ ìró. Kì í ṣe pé kò mọ iṣẹ́ í tún ṣe. Ó ti tún eyín yà fún oníṣègùn eyín títí eyín fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ká lẹ́nu òun alára. Ṣùgbọ́n ó rẹ̀ ẹ́, ó rẹ̀ ẹ́ débi pé àárẹ̀ náà ti ń bá a gbé bí ìbátan.

Màmá wọ awò ojú rẹ̀. Ó gba ìdì náà, ó yí i sí ọ̀tún, ó ń kà á wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ń lá ìka kó tó ṣí ewé.

“Obìnrin ń gé ẹ̀gún,” ó ń dá sọ̀rọ̀. “Ọkùnrin ń hanrun. Obìnrin tún ń gé ẹ̀gún. Háà!” Ó gbójú sókè. “Èmi ti lọ́kọ rí. Mo mọ ọmọ ọba yìí. Ìyípadà tí mo ní kẹ́ ẹ wá fún mi gan-an rèé. Ta ló ronú kàn án?”

Ẹ̀rọ ń lù nísàlẹ̀. Ojú Ìjìnlẹ̀ ń tú ká díẹ̀díẹ̀, bí ojú ọjọ́ tí òjò sú bolẹ̀ tí kò wá rọ̀ mọ́.

“Màmá,” ó wí, ohùn rẹ̀ ti balẹ̀ dáadáa, “ìdí tí mi ò fi sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin nìyẹn. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ ni. Ìjìnlẹ̀ ibẹ̀ gan-an nìyẹn.”

“Ìwọ tó o ń pariwo pé obìnrin ló sùn?”

“Mo ń dán Ìyá Tàdáwà wò ni.”

“Ẹni tó sùn là ń jí,” Màmá wí, “a kì í jí apirọrọ.” Kò tún sọ jù bẹ́ẹ̀, nítorí orúkọ Ìjìnlẹ̀ ni àwọn ilé ìwé fi ń béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìjìnlẹ̀ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá máa lo àrà náà, orúkọ kan ṣoṣo ni kó wà níwájú ìwé. Bó bá di méjì, àwọn òǹkàwé á rò pé ẹni tó yà á ló rò ó. Bí ìyẹn ò bá sì wù wọ́n, kí Ìyá Tàdáwà tún un yà bí gbogbo ayé ṣe mọ̀ ọ́n, kí orúkọ méjèèjì jọ wà níbẹ̀. Òun ò ní inú burúkú sí ẹnikẹ́ni.

“Ìwọ ni mò ń wò o,” Màmá wí fún Ìyá Tàdáwà. “Èwo lo fẹ́?”

Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu Ìyá Tàdáwà, ọ̀rọ̀ tó gbóná. Ṣùgbọ́n kí ó tó sọ ọ́, ó rí ara rẹ̀ lójú inú níwájú tábìlì, tó ń fi rọ́bà pa ojú Bọ̀dá rẹ́, tó ń pa ilà abẹ́ ojú rẹ̀ rẹ́, tó ń fi ọmọge kan tó kó òdòdó sáyà dípò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ gbígbóná náà tutù.

“Ẹ kọ orúkọ tiwọn nìkan síbẹ̀,” ó wí. “Kẹ́ ẹ má fọwọ́ kan àwòrán mi. Ṣùgbọ́n ó ku ojú ewé kan. Èmi ni mo máa sọ bó ṣe parí.”

“Ó ti parí tipẹ́,” Ìjìnlẹ̀ wí. “Obìnrin náà á fẹnu kò ó lẹ́nu, á sì jí.”

“Kò ní jí.”

“Kí lẹ wí?”

“Ó rẹ̀ ẹ́, sà. Ṣé ẹ ti rí ẹni tó ti iṣẹ́ òru dé rí? Ẹni tó bá jí irú wọn, ọ̀tá ni. Obìnrin yìí á wọlé, á wò ó dáadáa, nítorí òun náà mọ ohun tójú ẹ̀ rí kó tó débẹ̀. Á wá jókòó ti ilẹ̀kùn. Bí ẹlẹ́ṣin mìíràn bá tún dé, á ní kó rọra.”

Màmá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún fún ìgbà pípẹ́.

“Yà á bẹ́ẹ̀,” ó wí.

Ìjìnlẹ̀ tún síkáàfù wé. “Ohun tí mo fẹ́ sọ náà nìyẹn,” ó wí.

Nígbà tí Ìyá Tàdáwà délé, oòrùn ti ń wọ̀, Bọ̀dá sì ti jí, ó ń múra iṣẹ́.

“Ṣé wọ́n gbà á?”

“Wọ́n gbà á.”

“Orúkọ rẹ ńkọ́?”

“Inú ló wà. Nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n ń kọ àdírẹ́sì ilé ìtẹ̀wé sí.”

Bọ̀dá dáwọ́ dúró. “O ò sì jà?”

“Mo jà.”

“Kí lo wá rí gbà bọ̀?”

“Wọn ò ní jí yín.”

Kò yé e, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti ń bá ayàwòrán gbé. Kò béèrè mọ́. Ó tẹ̀ba sórí àwọn àwòrán tí àbúrò rẹ̀ kó bọ̀ wá tẹ́ sórí tábìlì, ó wo ara rẹ̀ lọ, ó wo ara rẹ̀ bọ̀, ó fi ọwọ́ kan irun rẹ̀ tí kò ṣe ṣóńṣó.

“Àbí ẹnu mi máa ń là tó báyìí ni?”

“Ó máa ń là jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo bò yín láṣìírí ni.”

“Jọ̀ọ́, àbúrò mi, dín in kù díẹ̀. Àwọn èèyàn máa rí i.”

“Mi ò tún nǹkan kan yà mọ́, Bọ̀dá.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó mú tọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó lọ sẹ́nu iṣẹ́. Ìyá Tàdáwà fa bébà funfun kan sọ́dọ̀, ó ń fún ọwọ́ rẹ̀ ní àkókò láti gbà. Nígbà tó gbà, ilẹ̀kùn ló kọ́kọ́ yà.