Mò Ń Gbìyànjú, Sà

"Ṣé o mọ iṣẹ́ yìí, àbí o ò mọ̀ ọ́n?"

Ìgbà kejì nìyí tí òyìnbó tó ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò fún iṣẹ́ máa bi í. Fàósátù gbé ọwọ́ lé orúnkún, ó wolẹ̀, ó sì dáhùn bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ṣe ń dá àgbà lóhùn.

"Mò ń gbìyànjú, sà."

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ o, ṣùgbọ́n Ìsẹ́yìn ni èsì yẹn ti wá, látẹnu ìyá tó bí i. Ta ló máa jókòó níwájú àgbà, tó máa ní òun mọ̀ ọ́n tán? Bí wọ́n bá yin aṣọ tó o hun, wàá ní ó kù díẹ̀ káàtó. Ẹni tó bá yìn ọ́ á rẹ́rìn-ín, á tún yìn ọ́ sí i. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

Ó sì mọ iṣẹ́ náà. Ọdún méjì ló ti ń fi ẹ̀rọ lu ihò sí káàdì tí kọ̀ǹpútà ń kà, ní ilé iṣẹ́ kan níbí ní Ìsọlọ̀. Ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé. Àṣẹ tó kọ ni wọ́n fi ń ka ẹrù ilé iṣẹ́ náà títí dòní, ọ̀gá rẹ̀ ló ń gba ìyìn.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ òru ni iṣẹ́ ọ̀hún. Bàbá ọmọ rẹ̀ ti bá àwọn tó ń wa epo rọ̀bì lọ sí Wàrì, kò bojú wẹ̀yìn mọ́. Òun náà bá gbé Àdùkẹ́, ọmọ náà, lọ fún ìyá tó bí òun ní Ìsẹ́yìn. Nígbà tó lọ wò ó ní Iléyá, ìyá àgbà ni ọmọ ń pè ní màmá, ó ń pe òun ní àǹtí. Iṣẹ́ ọ̀sán ni èyí tó wá wá lónìí. Bó bá rí i, ọmọ á padà wálé.

Òyìnbó yíjú sí Ọ̀gbẹ́ni Abórìṣàdé, ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, tó jókòó tì í. Àbàjà Ọ̀yọ́ wà lójú rẹ̀ gbàgàdà.

"Ṣé ó ní òun ò mọ̀ ọ́n ni?"

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà yìí wà lọ́jà o, táì ló ń tún so.

"Ohun tó sọ náà nìyẹn, sà," ni Abórìṣàdé wí.

Òyìnbó dúpẹ́ lọ́wọ́ Fàósátù. Ó ní ẹni tó mọ̀ ọ́n ni àwọn ń wá, kì í ṣe ẹni tó ń gbìyànjú.

Lẹ́nu ọ̀nà, Felix ń dúró dè é, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n jọ jókòó láàárọ̀, tó ti wọlé ṣáájú rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ ṣé gan-an! Ohun tẹ́ ẹ ṣàlàyé fún mi yẹn ni wọ́n bi mí. Mo ní mo ti ṣe é títí tó fi sú mi. Wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè!"

Fàósátù kí i kú oríire. Ìgbájú ló wù ú kó fún un.

Ó ti dé géètì kí Abórìṣàdé tó bá a.

"Àbúrò mi, má bínú. Òyìnbó ò mọ̀ pé ìtẹríba nìyẹn."

"Ẹ̀yin mọ̀, sà."

"Kí lo fẹ́ kí n sọ? Wọ́n á ní torí pé ọmọ ilẹ̀ wa ni ẹ́ ni mo ṣe ń gbè sẹ́yìn ẹ. Padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Tó o bá dé, kó o fọ́nnu dáadáa."

Fàósátù bá tirẹ̀ lọ. Kò kúnlẹ̀ kí i pé ó dàbọ̀. Inú bí i débi tí etí rẹ̀ ń hó. Lọ́dún tó ń bọ̀, Àdùkẹ́ á ti gbàgbé ojú rẹ̀ pátápátá.

Lójú ọ̀nà Ọ̀ṣòdì, kátápílà ń wú ilẹ̀ fún títì tuntun, eruku bo gbogbo ayé. Fàósátù dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ariwo náà, ó la ẹnu.

"Mo mọ̀ ọ́n!"

Kò sẹ́ni tó gbọ́. Ó tún un sọ, ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tẹ̀ yìí. Kò le láti sọ. Kò le rárá, ìyẹn gan-an ló sì mú kí omijé bọ́ lójú rẹ̀. Èèyàn méjì ni ọ̀rọ̀ yẹn wà lẹ́nu wọn nínú yàrá náà, òun àti Abórìṣàdé, àwọn méjèèjì ló sì gbé e mì.