Eré Àsápajúdé Fóònù Mi

Ọ̀rọ̀ lọmọ etí ń jẹ, wọ́n ní. Etí tèmi ti ń gbààwẹ̀ láti ìgbà tí àìsàn ti dí i pa. Fóònù ni mo fi ń gbọ́ràn: bí èèyàn bá sọ̀rọ̀, á kọ ọ́ sójú rẹ̀, èmi á kà á. Ṣùgbọ́n ó ti gbó. Àwọn oníbàárà á ti rẹ́rìn-ín tán ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi kí àwàdà tó dé ọ̀dọ̀ mi, èmi nìkan á wá máa rẹ́rìn-ín bíi wèrè.

Nígbà tí Bàbá ránṣẹ́ pè mí pé òun fẹ́ sọ ohun tó mú màmá mi kúrò nílé kí òun tó kú, mo gbé fóònù náà fún àbúrò mi, ọmọ ìyàwó kejì, tó ń tún fóònù ṣe. Láti kékeré ni mo ti ń béèrè ọ̀rọ̀ yìí, ẹnikẹ́ni kò dá mi lóhùn. Ọwọ́ Bàbá ń gbọ̀n, kò lè di bírò mú mọ́. N kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kankan bọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo lè mú ọpọlọ rẹ̀ sáré ju bí àwọn tó ṣe é ṣe ṣètò rẹ̀ lọ," ó ní. "Bí wọ́n bá ṣe ń sọ̀rọ̀ lá máa kọ ọ́. Ṣùgbọ́n á máa gbóná, bátìrì rẹ̀ á sì máa tán bí ìgbà téèyàn ń da omi nù. Ẹ má lò ó pẹ́ o. Ó lè kú lójijì."

"Ṣé mo ní kó o wàásù ni? Mú un sáré."

Ó sáré lóòótọ́. Mo jókòó ti ibùsùn Bàbá, ẹnu rẹ̀ ń mì, ọ̀rọ̀ sì ń hù lójú fóònù lẹ́ẹ̀kan náà. "Kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Ilé ńkọ́? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé maṣíìnì rẹ ṣì ń gé òwú?" Mo dáhùn, òun náà dáhùn. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣẹ̀fẹ̀: "Ìwọ tó o máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ tí mo bá rán ẹ níṣẹ́, Ọlọ́run ti gbà fún ẹ o." Mo rẹ́rìn-ín lásìkò. Ayọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Àgbà ni Bàbá, àgbà kì í kó ọ̀rọ̀ ńlá síwájú. Ó sọ ti ilé tó kọ́kọ́ gbé, ti ajá tó bù ú jẹ, ti ọ̀gá rẹ̀ tó jẹ́ ahun. Fóònù ti ń jó mi lọ́wọ́, mo fi aṣọ dì í mú. Ta ló tó sọ fún bàbá rẹ̀ pé kó yára?

Nígbà tó yá, Bàbá dijú. Ọ̀rọ̀ hù: "Màmá rẹ kò kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé". Ojú fóònù ṣókùnkùn.

Mo tẹ̀ ẹ́, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, mo bú u. Bàbá kò mọ̀. Ẹnu rẹ̀ ń lọ, omijé ń bọ́ sórí ìrọ̀rí. Mo fọwọ́ kàn án léjìká, ó gbé ìka sókè pé kí n jẹ́ kóun parí. Nígbà tó parí, ó lajú, ó wò mí: ṣé mo gbọ́? Ó ti rẹ̀ ẹ́ pátápátá, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ fúyẹ́, bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Mo mi orí pé mo gbọ́. Mo ní lọ́kàn mi pé tó bá di ọ̀la, tí fóònù bá ti tutù, màá ní kó tún un sọ.

Ọ̀la kò bá Bàbá láàyè.

Àbúrò mi ti pààrọ̀ bátìrì, ó sì ti dá fóònù padà sí ìrìn rẹ̀ àtijọ́. Fóònù náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ọ̀lẹ burúkú. Lẹ́yìn ìsìnkú, àbúrò mi jókòó tì mí, ẹnu rẹ̀ mì. Mo dúró, mo dúró, kí ọ̀rọ̀ tó yọ: "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé Bàbá sọ ọ́ fún yín?"

"Ó sọ gbogbo rẹ̀," mo ní.