Orúkọ Tí Kò Sí Nínú Ìwé Ẹgbẹ́

Ọ̀sán gangan ni, àmọ́ ojú atẹ̀wé ẹ̀ka ìṣúná káńsù ti ṣú. Orúkọ mẹ́tàdínlógún ni ọ̀gá ní kó tẹ̀, àwọn tí iṣẹ́ máa bọ́ lọ́wọ́ wọn. Tirẹ̀ ló kẹ́yìn.

Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti borí. Wọ́n pọ̀ débi pé káńsù ò lè kọ̀ fún wọn: owó oṣù gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ á gòkè. Ṣùgbọ́n àpò káńsù ò fẹ̀ sí i, owó orí tí ará ìlú ń san ò sì kúrò lójú kan. Ni káńsù bá ní kí àwọn tí kò sí nínú ìwé ẹgbẹ́ kọ́kọ́ máa lọ.

Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ gan-an ni akọ̀wé ẹgbẹ́. Oṣù méje ni fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń wọ ẹgbẹ́ ti wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì obìnrin náà tí kò fọwọ́ sí i. Orúkọ ọkọ ló fẹ́ kọ síbẹ̀, lẹ́yìn ìgbéyàwó. Á fi bíírò gbìyànjú orúkọ náà sẹ́yìn àwọn ìwé àlòkù, ọkàn rẹ̀ á máa yọ́ bí òrí.

Olólùfẹ́ rẹ̀ wọlé, ó tilẹ̀kùn.

"Adúmáadán mi, mo ti gbọ́."

"Olówó orí mi, bá mi kọ ọjọ́ oṣù méje sẹ́yìn sórí fọ́ọ̀mù yìí. Ṣebí ọwọ́ ẹ ni òǹtẹ̀ wà."

Ó mí kanlẹ̀. "Mẹ́tàdínlógún ni wọ́n ń wá. Tí mo bá yọ ẹ́, ìyá tó ń gbálẹ̀ ló kàn. Òun ló wọ ẹgbẹ́ kẹ́yìn."

"Ṣé ìyá yẹn lo wá fẹ́ fẹ́ báyìí?"

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, jọ̀ọ́. Ọmọ mẹ́rin ló ń dá bọ́."

"Ta ló ní kí n ní sùúrù di ọjọ́ ìgbéyàwó? Ta ló ń rẹ́rìn-ín, tó ní ó wu òun?"

"Èmi ni." Ó rọra ti fọ́ọ̀mù náà padà sọ́dọ̀ rẹ̀. "Mi ò lè ṣe é."

Ó na ọwọ́ sí i. Obìnrin náà fà sẹ́yìn.

"Máa lọ. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń dúró dè ẹ́ ní gbọ̀ngàn."

Kò pẹ́ tí àtẹ́wọ́ fi bú jáde nínú gbọ̀ngàn. Omijé ń kán sórí ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń tẹ orúkọ tó kẹ́yìn. Ìyá tó ń gbálẹ̀ yọjú, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ìyàwó wa, ṣé o ò gbọ́ ni? Wọ́n ti fi kún owó wa! Ọkọ ẹ mà gbìyànjú o. Dìde, ká lọ jó."

Ó yára nu ojú.

"Ẹ máa lọ, mà. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ló kù díẹ̀."