Ẹni Tó Bá Kọ́kọ́ Dé

Ọ̀gá ilé ìfọṣọ kan kórìíra ojúsàájú bí ìgbẹ́. Ó dúró sórí àpótí ọṣẹ, ó ní mo-mọ̀-ọ́-o-mọ̀-mí kọ́ ni wọ́n máa fi di alábòójútó lọ́dọ̀ òun.

"Mi ò ní wojú ẹnikẹ́ni! Ẹni tó bá ń kọ́kọ́ dé láàárọ̀, òun ló nipò."

Gbogbo òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́, àmọ́ ti Àǹtí Áyọ́ọ̀nù, tó ń lọ aṣọ, ló ròkè jù. Ìdúró ti wú ẹsẹ̀ obìnrin yìí. Dókítà ti ní kó lọ wá iṣẹ́ tí wọ́n ń jókòó ṣe, àfi bíi pé wọ́n ń kiri ẹ̀ ládùúgbò. Àga kan ṣoṣo ló wà nínú ilé ìfọṣọ náà, alábòójútó ló sì ni ín. Àga yẹn ni Àǹtí ń fẹ́. Ẹni tó bá wù ú ni kó máa jẹ́ ọ̀gá.

Òdìkejì ìlú ló ń gbé, ọkọ̀ méjì ló sì ń wọ̀. Bó ti wù kó tètè jí tó, á bá àbúrò ìyàwó ọ̀gá lẹ́nu ọ̀nà, tòun ti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín lẹ́nu. Òkè ilé ìfọṣọ gan-an ni wọ́n fún un ní yàrá. Tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ti dé ibi iṣẹ́ nìyẹn.

"Ẹ túbọ̀ máa gbìyànjú o, Àǹtí," ni á wí tìfẹ́tìfẹ́.

Nígbà tó sú Àǹtí, ó sùn síbi iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kan, láàárín àwọn àpò aṣọ ìdọ̀tí. Nígbà tí Àbúrò Ìyàwó fi máa sọ̀ kalẹ̀, áyọ́ọ̀nù ti gbóná janjan. Ló bá figbe ta, ọ̀gá sì sáré dé.

"Èrú nìyí! O ò tètè dé o, o ò lọlé ni!"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹni tó sùn lókè ńkọ́?"

"Ilé tiẹ̀ nìyẹn!"

Àwọn òṣìṣẹ́ rò ó síwá, wọ́n rò ó sẹ́yìn, wọ́n ní òótọ́ lọ̀gá sọ.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Àbúrò Ìyàwó gbapò. Kò tiẹ̀ jókòó sórí àga náà, ara rẹ̀ ṣì le. Fìlà rẹ̀ ló gbé lé e. Ó wá rọra bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ fún Àǹtí pé kó bá òun lọ̀ ọ́, nítorí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò òṣìṣẹ́ tó múra síṣẹ́ jù.

"Àǹtí, ẹ kì í ṣe ọ̀lẹ rárá," ló wí. "Èmi náà ò rẹ́ni ràn mí lọ́wọ́. Ẹ kàn wá ilé sítòsí."

Ó dun obìnrin náà dọ́kàn. Ó ní, "Ẹ ṣé, sà," ó sì lọ ẹ̀wù náà lórí ìdúró.